Ilé ńlá lẹ́yìn ìlú tàbí ilé kékeré ní àdúgbò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀: èwo ni ká rà ní Houston?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Texas Medical Center, ọkọ mi ń ti ilé ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ méjì la ní, ìkẹta wà lọ́nà, ìyá mi sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá bá wa tọ́jú ọmọ. A ti rí ilé méjì. Èkíní jẹ́ ilé tuntun lẹ́yìn Rosenberg: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, 3,400 square feet, yàrá márùn-ún, ọ̀kan nísàlẹ̀, mẹ́rin lókè, $455,000. Èkejì wà ní First Colony ní Sugar Land: ilé ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1988, 2,150 square feet, yàrá mẹ́ta àti yàrá ìjẹun ńlá kan níwájú, $425,000. Ọkọ mi ní ilé ńlá ló máa mú owó wá lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ tà á. Àdúgbò àti ilé ìwé lèmi ń wò. Ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá la fẹ́ lò níbẹ̀. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ilé Sugar Land ni kí ẹ mú, bó bá yege àyẹ̀wò mẹ́ta tí mo máa ṣàlàyé níwájú. Bí kò bá yege, ẹ má torí ìyẹn sáré padà sí èyí tó tóbi, torí ilé mìíràn wà láàárín méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń gbá dànù. Òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní Houston fi ń ra ilé, ó sì yẹ ká tú u wò dáadáa.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó pín owó ilé sí iye square feet. $455,000 tá a bá pín sí 3,400, ó jẹ́ nǹkan bí $134 fún square foot kan. Ti Sugar Land jẹ́ $198. Ẹni tó bá wo èyí nìkan á ní ti Rosenberg ló dínwó. Àmọ́ square foot kì í ṣe ìrẹsì tá à ń wọ̀n ní kóńgò, tí kóńgò kẹwàá jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú kóńgò àkọ́kọ́. Nínú ilé kan, 1,500 àkọ́kọ́ ló ru ilẹ̀, kíṣìnì, balùwẹ̀, gáréèjì, ọ̀nà ọkọ̀, páìpù omi àti páìpù ìdọ̀tí. Èyí tó bá lé sí i sábà máa ń jẹ́ ògiri, fèrèsé àti kápẹ́ẹ̀tì. Kò ná kọ́lékọ́lé ní owó tó pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í fa ojú oníbàárà mọ́ra. Ẹni tó bá máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la náà kò ní san owó tó pọ̀ lé e.

Ẹ wo bí appraiser, ìyẹn ẹni tí báǹkì ń rán wá díye lé ilé, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó máa wá ilé mẹ́ta, ó kéré tán, tó jọ ti yín tí wọ́n tà láìpẹ́, nínú ẹ́sítéètì kan náà bó bá ṣeé ṣe. Á wá máa fi kún, á máa yọ kúrò: balùwẹ̀ kan lé, gáréèjì kan dín, ilé yìí fi 300 square feet tóbi ju ìyẹn lọ. Iye tó máa kà fún square foot kan tó lé kì í sábà ju ìdajì iye tí gbogbo ilé náà ń lọ fún square foot kan. Nígbà mìíràn, ìdámẹ́rin ni. Ká ní ilé 2,400 kan tà ní $360,000, ìyẹn $150 fún ẹyọ kan. Ilé 3,400 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní di $510,000. Bí appraiser bá ka $60 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 1,000 tó lé, $420,000 ló máa kọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ilé bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni iye square foot rẹ̀ máa ń kéré tó, ní àdúgbò kan náà pàápàá. Ọ̀nà tó tọ́ láti fi ìdíyelé wé ara wọn ni kí ẹ fi ilé 3,400 wé ilé 3,400 tí wọ́n tà nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì fi 2,150 wé 2,150. Ní Texas, òfin kò sọ ọ́ di dandan kí wọ́n kéde iye tí ilé tà, nítorí náà ẹ má gbára lé iye tí appraisal district, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé fún owó-orí, kọ. Ẹ ní kí éjéǹtì yín tẹ àkọsílẹ̀ ilé tí wọ́n tà láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn fún yín láti inú MLS, ìyẹn àkójọ ilé títà tí àwọn éjéǹtì ń lò.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí nínú ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Láti April 1, 2022 ni Fannie Mae, iléeṣẹ́ tó ń ra ẹ̀yáwó ilé lọ́wọ́ àwọn báǹkì, ti pàṣẹ pé ìlànà ANSI Z765 ni kí appraiser máa fi wọn ilé. Ó ní kí àjà yàrá ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, kí wọ́n ti parí ibẹ̀ tán bíi ti ilé yòókù, kí ó sì ṣeé lò ní gbogbo ìgbà lọ́dún. Gáréèjì kò sí nínú rẹ̀. Bí pálọ̀ ilé Rosenberg yẹn bá jẹ́ irú èyí tí àjà rẹ̀ lọ títí dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òfìfo òkè yẹn kò sí lára iye tí appraiser máa kà, àmọ́ ẹ̀rọ amúlétutù yín máa tu ú nínú ní gbogbo oṣù August.

Ilé ń gbó, ilẹ̀ kì í gbó. Ẹ lọ sí ojú ìwé Fort Bend Central Appraisal District, ti kàǹtì tí ilé méjèèjì wà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé méjèèjì, ẹ ó rí i pé wọ́n ya iye ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iye ilé. Ẹ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí láti ọdún dé ọdún. Ní First Colony, tí wọ́n ti ń kọ́ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kò sí ilẹ̀ òfìfo mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ra ilé lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn Rosenberg, oko ṣì wà lápá ọ̀tún, oko wà lápá òsì. Ìyẹn ni pé ilé tuntun á máa jáde, kọ́lékọ́lé tó bá sì ṣì ń kọ́ ilé nínú ẹ́sítéètì yín ló máa jẹ́ alátakò yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà. Ó lè fi owó tirẹ̀ fa èlé ẹ̀yáwó oníbàárà wálẹ̀, ó lè san owó ìwé fún un, ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé rí ló sì ń tà. Kí lẹ máa fi bá a figa gbága? Ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì ìtajà pé apá mélòó ló kù nínú àwòrán ẹ́sítéètì náà, ọdún wo ni wọ́n sì retí láti parí. Bó bá ku apá méjì tí wọ́n á parí lọ́dún mẹ́ta, ewu yẹn á ti rọlẹ̀ kí ẹ tó tà. Bó bá ku mẹ́wàá, ó ṣì máa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí owó-orí ilé, torí ibẹ̀ gan-an ni ilé ńlá ti ń jẹ owó. Texas kì í gba owó-orí lórí owó oṣù. Orí ilé ni ọ̀pọ̀ ẹrù náà já lé. Ilé ìwé ń gbà, kàǹtì ń gbà, ìlú ń gbà, àti ohun tí wọ́n ń pè ní MUD, ìyẹn Municipal Utility District. Níbi tí kò bá sí ìlú tó máa fa omi dé oko, ẹni tó ń ṣí ẹ́sítéètì náà máa dá MUD sílẹ̀. MUD á lọ yáwó, wọ́n á fi owó náà san owó páìpù, ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin àti adágún tó ń gba omi òjò, àwọn tó bá ra ilé níbẹ̀ ló sì máa san gbèsè yẹn fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ẹ́sítéètì tuntun, MUD nìkan lè gba $1 sí $1.50 lórí $100 kọ̀ọ̀kan. Òfin ní kí ẹni tó ń tà fún yín ní ìwé ìkéde MUD kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn. Ẹ ka iye gbèsè tó wà nínú rẹ̀ àti iye tí wọ́n ṣì láṣẹ láti yá sí i.

Mo fi òṣùwọ̀n tó jọ ti agbègbè méjèèjì ṣe ìṣirò yìí. Nígbà tí ìwé owó-orí gidi bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi tirẹ̀ rọ́pò. Ká ní àpapọ̀ ti Rosenberg jẹ́ 2.9%, tí ti ilé ìwé jẹ́ 1.15 nínú rẹ̀. Ká ní ti Sugar Land jẹ́ 1.9%, tí ti ilé ìwé jẹ́ 1.0. Texas ń yọ $140,000 kúrò lára iye ilé tí ẹ ń gbé fúnra yín kí ilé ìwé tó ka tirẹ̀. $100,000 ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn olùdìbò tó fọwọ́ sí i ní November 2025. Ti Rosenberg: $13,195, yọ $1,610 kúrò, ó ku $11,585 lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí $965 lóṣù. Ti Sugar Land: $8,075, yọ $1,400 kúrò, ó ku $6,675, nǹkan bí $556 lóṣù. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ $409 lóṣù.

$409 lóṣù yẹn ni ẹni tó bá yá nǹkan bí $65,000 fún ọgbọ̀n ọdún ní èlé 6.5% ń san. Nítorí náà, bí owó ṣe ń jáde lápò yín lóṣooṣù, ilé $455,000 yẹn ń ná yín bí ilé $520,000. Ẹni tó ń san gbèsè ilé, díẹ̀díẹ̀ ni owó náà ń di tirẹ̀. Owó MUD kì í di ti ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé òṣùwọ̀n MUD sábà máa ń lọ sílẹ̀ bí ilé bá ti ń pọ̀ sí i tí ẹni tó ń san bá ń pọ̀. Àmọ́ àwọn tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ń ru èyí tó wúwo jù.

Pàkúté kan wà nínú ilé tuntun tó ti mú ọ̀pọ̀ ìdílé lójijì. Bí ilé ṣe wà ní January 1 ni wọ́n fi ń ka owó-orí ọdún náà. Bí wọ́n bá parí ilé yín ní June, ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀ ní January, owó-orí ọdún yẹn sì máa kéré. Bí báǹkì bá fi iye kékeré yẹn ṣe escrow, ìyẹn owó tó ń gbà lọ́wọ́ yín lóṣooṣù láti fi bá yín san owó-orí, ẹ ó máa rò pé ẹ ti rí ilé tó rọrùn. Ká ní $70,000 ni wọ́n díye lé ilẹ̀ náà: báǹkì á máa gba nǹkan bí $169 lóṣù fún owó-orí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé $11,585 dé. Owó oṣù á gòkè láti $169 sí $965, báǹkì á tún pín gbèsè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn sí oṣù méjìlá, ìyẹn bíi $796 mìíràn. Owó ilé yín á fò sókè ní nǹkan bí $1,590 lóṣù fún odindi ọdún kan, nígbà tí ọmọ tuntun wà nílé tí ẹ̀yin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá ra ilé tuntun níbikíbi, ẹ sọ fún báǹkì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé iye ilé tí wọ́n ti parí ni kí wọ́n fi ka escrow. Bí wọn ò bá gbà, ẹ máa tọ́jú ìyàtọ̀ náà fúnra yín sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀.

Ọ̀nà iṣẹ́ náà wà nínú owó ilé. Ká ní láti First Colony dé Medical Center jẹ́ máìlì 20, tí láti ẹ̀yìn Rosenberg jẹ́ 36. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tó jẹ́ wákàtí méjìlá-méjìlá, ìyàtọ̀ náà jẹ́ máìlì 96 lọ́sẹ̀, 4,800 nínú ọ̀sẹ̀ àádọ́ta. Iye tí IRS fi ń ka máìlì iṣẹ́ ní 2025 jẹ́ sẹ́ǹtì 70. $3,360 nìyẹn lọ́dún, láìka owó toll àti oorun tí ẹ máa pàdánù kí ẹ tó débi iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù: ní ooru Houston, wọ́n sábà ń ka tọ́ọ̀nù kan fún 500 sí 600 square feet. Ilé 2,150 máa lo ẹ̀rọ kan tó jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ilé 3,400 máa lo méjì, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún òkè. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, wọ́n sì lè kú nítòsí ara wọn, ní nǹkan bí ọdún 12 sí 15. Ìyẹn súnmọ́ ìgbà tí ẹ fẹ́ tà, ẹni tó ń rà á sì máa béèrè ọjọ́ orí wọn.

Omíyalé kò ṣojúsàájú, nítorí náà ẹ yẹ ilé méjèèjì wò. Lẹ́yìn ìjì Harvey ní 2017, odò Brazos ga kọjá ẹsẹ̀ bàtà 55 ní Richmond. Omi adágún Barker náà ya wọ àwọn ẹ́sítéètì kan ní Fort Bend tí ìkìlọ̀ wà fún lórí àwòrán ilẹ̀ wọn, tí púpọ̀ nínú àwọn tó ra ilé níbẹ̀ kò sì rí i rí. Ẹ gba àwòrán ilẹ̀ náà, ìyẹn plat, ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn apá kan Sugar Land wà lẹ́yìn odi amọ̀ tó ń dá Brazos dúró. Odi yẹn kò dá òjò dúró. Ẹ̀rọ ìfami ló ń kó òjò jáde kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì rí owó LID, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó odi náà, nínú owó-orí nítorí ìyẹn. Òfin ní kí ẹni tó ń ta ilé tó ti gbé sọ bóyá omi ti wọ ibẹ̀ rí, ohun tó gbọ́dọ̀ sọ sì ti pọ̀ sí i láti September 1, 2019. Ilé tuntun kò ní ìtàn, nítorí náà ìtàn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ máa wá. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ti ìjọba àpapọ̀ ń dúró sí $250,000 fún ilé àti $100,000 fún ẹrù, ó sì máa ń tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi bí ẹ bá rà á pọ̀ mọ́ ẹ̀yáwó ilé. Ẹ rà á, bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ fún yín pé Zone X lẹ wà, ìyẹn ibi tí wọ́n kà sí pé ewu omíyalé kò pọ̀.

Lórí ilé ìwé, ẹ má gba orúkọ ìlú gbọ́. Àdírẹ́sì “Richmond” lè wà lábẹ́ agbègbè ilé ìwé Fort Bend ISD, ó lè wà lábẹ́ Lamar CISD. Ẹ tẹ nọ́ńbà ilé àti òpópónà sínú ojú ìwé agbègbè ilé ìwé náà, kí ẹ wo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti gíga, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ wo àmì A títí dé F tí Texas Education Agency fún wọn. Níbi tí ilé ti ń yára pọ̀, wọ́n máa ń tún ààlà pín bí ilé ìwé tuntun bá ṣí. Ilé ìwé tí ẹ torí rẹ̀ ra ilé lè máà jẹ́ èyí tí ìkẹta yín máa lọ. Àdúgbò tó ti dàgbà náà ní ewu tirẹ̀: bí ọmọdé bá dín kù, wọ́n lè pa ilé ìwé méjì pọ̀. Síbẹ̀, àwọn tó ń wá ilé ìwé tó lórúkọ pọ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń wá a nígbà tí ọjà ilé bá dákẹ́ pàápàá. Àwọn wọ̀nyẹn ló máa wá ra ilé yín.

Ibi tí ọkọ yín ti jàre rèé. Ilé tó há jù ń jẹ owó, torí ẹ máa kó kúrò níbẹ̀ láìtọ́jọ́. Owó éjéǹtì, owó ìwé, àtúnṣe àti kíkó ẹrù lè tó 8% iye ilé. Lórí $425,000, $34,000 nìyẹn. Ọdún mẹ́ta kò tó láti fi rí i padà. Ẹ̀yin máa di mẹ́fà: tọkọtaya, ọmọ mẹ́ta, àti màmá. Yàrá mẹ́ta lè gbà yín fún ọdún àkọ́kọ́ tí ọmọ ìkókó bá sùn lọ́dọ̀ yín, lẹ́yìn náà yàrá mẹ́rin ni ẹ nílò. Ẹ ka yàrá, kí ẹ sì wo ibi tó wà. Ilé Rosenberg ní márùn-ún, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ti tọkọtaya, màmá tí orúnkún ń dùn máa gun àtẹ̀gùn lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ lápá, tàbí ẹ̀yin lẹ máa gbé yàrá yín fún un. Nínú 3,400 yẹn, èyí tó bá ìlò yín mu kéré ju bí ọkọ yín ṣe rò lọ.

Yàrá ìjẹun iwájú ní Sugar Land ni yàrá kẹrin yín. Ẹ wọ̀n ọ́n: ó yẹ kó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní mẹ́wàá, ó kéré tán. Fèrèsé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí débi tí èèyàn lè gbà jáde bí iná bá sọ: 5.7 square feet ni ìlànà ìkọ́lé ń béèrè, 5.0 fún ilé ilẹ̀, kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì ju ínṣì 44 lọ sókè ilẹ̀ yàrá. Bí fèrèsé náà bá jẹ́ gíláàsì tí kì í ṣí, owó rẹ̀ máa wọ inú ìṣirò. Ẹ máa ní ògiri kan, ilẹ̀kùn, ihò afẹ́fẹ́ láti ẹ̀rọ amúlétutù, agogo èéfín, àti kọ́bọ́ọ̀dù, torí ẹni tó ń rà ilé ń retí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ohun tí ẹ bá pè ní yàrá. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìlú. Láìsí i, appraiser lè máà kà á sí yàrá, ìnṣọ́ránsì sì lè fa ẹsẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ múra fún nǹkan bí $10,000. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ rí i pé ibi tí ìdílé máa ti jẹun ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì.

Ẹ tún fi ilé kọ̀ọ̀kan wé àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí àwọn ilé tó yí èyí tó wà ní Rosenberg ká bá jẹ́ 1,800 sí 2,600, tiyín nìkan ló máa tóbi jù, àwọn tó kéré á sì máa fa iye rẹ̀ wálẹ̀, torí ẹni tó lówó ilé 3,400 máa lọ síbi tí gbogbo ilé ti rí bẹ́ẹ̀. Ní First Colony, bí àwọn tó wà ní òpópónà yẹn bá jẹ́ 2,500 sí 3,300, tiyín ni àbúrò láàárín wọn, wọ́n á sì máa gbé e sókè. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ilé má fi ju ìdámárùn-ún tóbi ju ilé tó wọ́pọ̀ ní òpópónà rẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ti ilé 1988 wá kàn. Àkọ́kọ́ ni páìpù omi. Láàárín 1978 sí 1995, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n fi páìpù polybutylene ṣe. Ó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ eérú, ẹ lè rí PB2110 tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi gbígbóná, lábẹ́ síńkì àti nínú òkè àjà. Klorín inú omi máa ń jẹ ẹ́ láti inú, á bẹ́ láìjẹ́ pé ó jò tẹ́lẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan kì í sì í gba ilé tó ní in. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí plọ́ḿbà sọ iye tí pípààrọ̀ gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára iye ilé.

Èkejì ni ìpìlẹ̀ àti páìpù ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀. Amọ̀ tó wà ní Fort Bend ń wú nígbà òjò, ó ń súnkì nígbà ọ̀dá, pẹpẹ kọnkéré tó wà lórí rẹ̀ sì ń bá a lọ sókè sódò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára bíríkì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ìlà tó gba ìka, ilẹ̀kùn mẹ́ta tí kì í tì mọ́, àti táìlì tó là gba àárín pálọ̀ lọ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ ní kí inspector, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ilé wò, wọn gíga ilẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí plọ́ḿbà ṣe àyẹ̀wò hydrostatic: á dí páìpù ìdọ̀tí nísàlẹ̀, á kún un fún omi dé ojú ilẹ̀, á sì wò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀, ó ń jò lábẹ́ ilé. Ẹni tó ń ta ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó ṣe é, nítorí náà ẹ kọ ọ́ mọ́ àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni òrùlé àti ìnṣọ́ránsì. Bí òrùlé bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iléeṣẹ́ míì á san iye tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ nìkan bí yìnyín bá bà á jẹ́. Ẹ tún béèrè iye tí ẹ máa kọ́kọ́ san fúnra yín bí afẹ́fẹ́ tàbí yìnyín bá jà: 2% lórí ilé tí wọ́n dájú fún $400,000 jẹ́ $8,000. Kí ẹni tó ń tà gba ìwé CLUE fún yín, á fi gbogbo owó tí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì láàárín ọdún méje hàn.

Inú option period ni gbogbo èyí ti gbọ́dọ̀ parí, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ fi owó kékeré rà láti lè jáwọ́ láìsọ ìdí. Ẹ béèrè ọjọ́ mẹ́wàá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ló ń parí, wọn kì í fi wákàtí kan kún un.

Bí ilé Sugar Land náà kò bá yege, ẹ wá nǹkan bíi 2,500 sí 2,700 ní ẹ́sítéètì tó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí MUD ti rọlẹ̀ tí kọ́lékọ́lé sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ lè wo Greatwood, tí Sugar Land gbà wọ inú ìlú ní December 2017, tàbí Quail Valley ní Missouri City. Ilé àwọn ọdún 1970 wà ní Quail Valley, nítorí náà páìpù ìdọ̀tí onírin tó ti ń jẹrà ni kí ẹ máa wá níbẹ̀.

Bí ọkàn ọkọ yín kò bá kúrò lára Rosenberg, ẹ má mú àwòrán ilé tó tóbi jù nínú ẹ́sítéètì náà. Ẹ mú èyí tó ní yàrá méjì àti balùwẹ̀ méjì nísàlẹ̀, bíi 2,700. Ohun tí kọ́lékọ́lé bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ, ẹ jẹ́ kó fi fa èlé ẹ̀yáwó wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fi ra òkúta kíṣìnì. Kí ẹ san owó inspector tiyín ní ẹ̀ẹ̀mẹta: kí wọ́n tó da kọnkéré, kí wọ́n tó bo ògiri, àti kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wọlé ni kí ẹ yí àdírẹ́sì ìwé ìwakọ̀ yín padà, kí ẹ sì fi Form 50-114, ìwé ìbéèrè fún ìdínkù owó-orí ilé tí ẹ ń gbé, ránṣẹ́ sí appraisal district kí $140,000 yẹn lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́tà tó máa wá nínú pósítì pé kí ẹ san owó kí wọ́n tó bá yín ṣe é, ẹ fà á ya. Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí i gbà ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí dènà kí iye tí wọ́n fi ń ka owó-orí yín ju 10% lọ sókè lọ́dún kan. Bí iye tí wọ́n kọ bá ṣì ju ohun tí ilé náà lè tà lọ, ẹ ta kò ó kó tó di May 15, tàbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ MLS tí éjéǹtì yín tẹ̀ fún yín lẹ máa mú lọ.